Àjàyí Ìkàrẹ́, Ọmọ Ọ̀kà

Èmi tí mo di gègé mú ni Akínwándé, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ní Ọ̀kà. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ni Bàbá Ìdòwú Adéwùmí, àgbẹ̀, ọmọ àgbẹ̀, ará Ọ̀kà kan náà. Kò mọ̀wé kọ, kò sì mọ̀ ọ́n kà. Ó ní kí n bá òun kọ ọ̀rọ̀ yìí sí ọmọ rẹ̀ Bánkọ́lé, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbaṣẹ́ akọ̀wé ìjọba ní Àkúrẹ́. Ọ̀kà kọ́ la ti kọ ọ́. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé kan ní Ìkàrẹ́ la jókòó sí. Ìyá tó ni ilé wà lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí. Bàbá Láwàní, sójà àtijọ́ láti Ìpè, wà lórí bẹ́ńṣì. Bàbá Ìdòwú ní kí n má ṣe tún ọ̀rọ̀ òun ṣe, àti pé ibi tí òun bá dákẹ́ sí, kí èmi náà dákẹ́.

Bánkọ́lé, Àkànbí ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ dé ọwọ́ mi. Tíṣà kà á fún mi lẹ́ẹ̀mejì, mo sì ní kó ka ibi tí o ti kí mi lẹ́ẹ̀kẹta. Mo gbọ́ pé o ti rí yàrá gbà, pé ọ̀gá rẹ ní ọ́fíìsì kò le jù, àti pé iṣẹ́ rẹ ni láti máa kọ orúkọ àwọn ènìyàn sínú ìwé ńlá. Ó dára. Ọlọ́run yóò fi ẹsẹ̀ rẹ múlẹ̀ níbẹ̀.

O ní ògiri yàrá rẹ ṣófo. O ní kí n fi fọ́tò àwọn sójà méjì tó wà ní pálọ̀ wa ránṣẹ́, kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ lè rí i pé ìdílé tìrẹ náà ní ẹni tó jagun ní Bọ́mà. Ọmọ mi, n kò ní fi ránṣẹ́. Ohun tó wà nínú fọ́tò yẹn kì í ṣe ohun tí à ń fi yangàn. Láti kékeré rẹ ni mo ti ń sọ fún ọ pé ẹ̀gbọ́n mi Àjàyí kú sójú ogun, pé ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí. Irọ́ ni apá kejì. Àjàyí padà wá, ó dé oko wa, èmi ni mo sì lé e. Láti ìgbà náà ni kò ti sí nílé. Mo ti dàgbà, mo sì fẹ́ mọ̀ bóyá ó lè wálé kí n tó kú. Ṣùgbọ́n n kò lè béèrè ìyẹn láìkọ́kọ́ jẹ́wọ́ ohun tí mo ṣe, ẹni tó yẹ kó gbọ́ ọ ṣáájú rẹ sì wà nítòsí mi níbí.

Nítorí náà, fara balẹ̀. Mo máa sọ ọ́ bó ṣe bọ́ sí mi lẹ́nu, mo sì máa gbà ọ́ nímọ̀ràn níbi tí ìmọ̀ràn bá wà. Ẹni tó ti jìn sí kòtò, bó bá ti ṣubú sí i gan-an ló yẹ kó fi han ọmọ rẹ̀.

Àjàyí ni àkọ́bí ìyá wa. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn ìbejì tí wọn kò dúró, lẹ́yìn wọn ni èmi Ìdòwú. O mọ ohun tí wọ́n máa ń sọ nípa Ìdòwú, pé orí kunkun ló ń gbé wáyé. Wọn kò parọ́ mọ́ mi. Ní ọjọ́ ọjà kan, Àjàyí ru obì lọ sí Ìkàrẹ́. Wọ́n ń kó sójà níbẹ̀ nígbà náà. Ẹni tí wọ́n jọ lọ ló gbé agbọ̀n rẹ̀ padà wálé, tó ní, "Àjàyí ní kí ẹ má bínú, òun ti wọṣẹ́ ọba." Ìyá wa ka obì tó kù nínú agbọ̀n bí ẹni pé ó lè rí ọmọ rẹ̀ láàárín wọn.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan ni sójà kan tó gba ìsinmi mú fọ́tò yẹn wá. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n dáadáa: àwọn ọmọkùnrin méjì nínú aṣọ káàkí, aṣọ olódòdó lẹ́yìn wọn. Èyí tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún ni Àjàyí. Èkejì sanra lẹ́rẹ̀kẹ́, òkè etí òsì rẹ̀ sì ti já. A kò mọ̀ ọ́n. Ìyá wa sọ ọ́ ní Ọ̀rẹ́ Àjàyí. Ní àràárọ̀, bó bá ti kí ọmọ rẹ̀ tán lára ògiri, á kí òun náà: "Ọ̀rẹ́ Àjàyí, ẹ jọ máa bọ̀ wálé o."

Ogun parí. Àwọn kan dé sí Ọ̀bà, àwọn kan dé sí Ògbàgì. Àjàyí kò dé. Kò sì sí ìwé kankan.

Bí a ti jẹ iṣu tuntun lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn ìgbà náà, ọjọ́ àáró mi pé. A jẹ́ mẹ́fà lóko lábẹ́ àpáta, gbogbo wa jẹ́ ẹgbẹ́, à ń kọ ebè. Ọkùnrin kan gba ọ̀nà odò wá, ó tín-ín-rín, ó wọ káàkí, ó fi àpò kọ́ èjìká, fìlà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí o tó dá mi lẹ́bi, jẹ́ kí n sọ ohun tí káàkí jẹ́ fún wa nígbà náà. Wolé-wolé ló ń wọ̀ ọ́. Á wọlé ènìyàn láìkàn, á yẹ ìkòkò omi wò bóyá tanwíjí wà nínú rẹ̀, á sì béèrè orúkọ onílé. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í tán sí rere. Nítorí náà ni kò fi sí ọmọ àgbẹ̀ kan tó gbọ́n tó máa ń mọ ẹnikẹ́ni tí ẹni tó wọ káàkí bá béèrè.

"Ẹ kú iṣẹ́ o."

A dáhùn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ilé Àjàyí Ìkàrẹ́ ni mò ń wá. Ó ní abẹ́ àpáta yìí ni bàbá òun ti ń dáko."

Bánkọ́lé, o mọ bí àwa Ọ̀kà àti àwọn ará Ìkàrẹ́ ṣe máa ń fi ara wa ṣẹ̀fẹ̀. Kí a pe ọmọ Ọ̀kà ní Ìkàrẹ́ lójú ẹgbẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń gbójú fò. Mo fara ti ọkọ́ mi. Mo ní, "Ẹni tó bá ń jẹ́ Ìkàrẹ́, Ìkàrẹ́ ni kí wọ́n ti lọ wá a. Ọ̀kà nìyí."

Àwọn ẹgbẹ́ mi rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà dùn mọ́ mi létí.

Ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ojú mi. "Kò sí Àjàyí kankan níbí rárá?"

"Àjàyí pọ̀," ni mo wí. "Gbogbo wọn ló dojú bolẹ̀ wáyé. Èwo ló dojú bolẹ̀ jù nínú wọn, kí n lè mọ èyí tí ẹ ń wá?"

Ọ̀kan nínú wa fi ọkọ́ sílẹ̀, ó di inú mú. "Ìdòwú, o ò ní pa wá."

Ọwọ́ ọkùnrin náà ti wà nínú àpò rẹ̀ láti ìgbà tó dé. Ó rọra yọ ọ́ jáde, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣeun." Bó ti yí padà láti máa lọ ni mo rí etí òsì rẹ̀. Òkè rẹ̀ ti já.

Mo rí i, ọmọ mi. Kò tíì ju ìwọ̀n ebè mẹ́wàá lọ sí mi. Bí mo bá pè é, á gbọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń rẹ́rìn-ín kò tíì dákẹ́. Mo rò ó pé bí mo bá pè é padà, èmi ni wọn yóò wá rín. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ ebè. Nígbà tí mo tún gbójú sókè, ó ti yà sí ọ̀nà Ìkàrẹ́.

Nígbà tí mo délé, ìyá wa bi mí pé, "Wọ́n ní àlejò kan wá sóko lónìí."

Mo ní, "Wolé-wolé ni, Màámi."

Ìmọ̀ràn mi àkọ́kọ́ nìyí. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Gbogbo ènìyàn ló ń pa òwe yìí, wọ́n sì rò pé ìbínú là ń bá wí. Èmi kò bínú sí ọkùnrin náà. Àwàdà ni mo ṣe. Ṣọ́ra fún àwàdà tí o bá fi ti ilẹ̀kùn mọ́ àlejò, pàápàá tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ bá ń gbọ́. Ẹni tó bá bú ènìyàn nínú ìbínú lè padà bẹ̀bẹ̀ tí ara rẹ̀ bá ti rọ̀. Ẹni tó fi ẹ̀rín ṣe é kì í mọ ọjọ́ tí yóò bẹ̀bẹ̀.

Èkejì wà lórí ìdákẹ́jẹ́. Mo sọ fún ara mi pé bó bá di ọ̀la, n ó lọ sí Ìkàrẹ́ lọ wá a. Nígbà tí ọ̀la dé, mo ní kí iṣu wọlé ná. Lẹ́yìn náà ni ojú tì mí pé ọjọ́ ti lọ jù, báwo ni n ó ṣe sọ pé mo ti mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ yẹn. Báyìí ni mo ṣe lo gbogbo ìyókù ayé ìyá mi. Ìyá mi kò jẹ́ kí a ṣe òkú Àjàyí. Ní ilẹ̀ wa, bí ènìyàn bá kú sí ibi tó jìnnà, ẹni tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ á gé irun orí àti èékánná rẹ̀, á mú un wálé, ìyẹn la ó sin, a ó sì sọ pé ó ti wálé. Ìyá mi ní, "Ẹni tí n kò rí irun rẹ̀ kò kú." Ní ọdọọdún tí iṣu tuntun bá wọlé, á se ti Àjàyí lọ́tọ̀, á fi igbá dé e. Lọ́jọ́ kejì á gbé e fún ẹni tó bá ń kọjá. Mo máa ń wà níbẹ̀. Mo máa ń rí i bó ṣe ń ṣí igbá náà wò ní òwúrọ̀. N kò sọ fún un. Ó kú bẹ́ẹ̀.

Bí o bá ṣe àṣìṣe níbi iṣẹ́ rẹ, sọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Lọ́jọ́ náà ó jẹ́ àṣìṣe. Bó bá di ọjọ́ kejì, o ti ń fi pa mọ́. Bó bá di ọdún kejì, ìwọ fúnra rẹ ló ti dà.

Ó tún ku ọ̀kan tí mo fẹ́ kí o gbọ́, nítorí o ti máa ń bi mí. Nígbà tí ẹ̀kọ́ àgbà dé Ọ̀kà, tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń lọ kọ́ A, B, D ní ìrọ̀lẹ́, mo ní èmi kò lọ, mo ní ọkọ́ kò ka ìwé. O rò pé orí kunkun ni. Orí kunkun wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n kọ sẹ́yìn fọ́tò yẹn, ẹ̀rù sì ń bà mí pé bí mo bá mọ̀wé, ojú mi yóò kà á kí n tó lè dá a dúró. Ohun tó ń jẹ́ àìmọ̀wé mi nìyẹn. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi pọ́n mi lé.

Nígbà tí lẹ́tà rẹ dé, mo sọ fọ́tò náà kalẹ̀ láti nu ún. Ó wà lọ́wọ́ mi, Tíṣà sì wà níwájú mi. Mo yí i padà, mo ní, "Kà á." Tíṣà kà á: "Àjàyí Ìkàrẹ́, Láwàní Ìkàrẹ́." Kò sí nǹkan míràn níbẹ̀. Gbogbo ọdún yẹn ni mo fi ń bẹ̀rù orúkọ méjì.

Mo fi fọ́tò náà sábẹ́ aṣọ mi, mo wọ mọ́tò lọ sí Ìkàrẹ́. Mo ní Láwàní Ìkàrẹ́ ni mò ń wá. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní gáréèjì wo ìlà ojú mi, ó ní, "Bàbá, Ọ̀kà lẹ ti wá. Ẹ̀yin kì í rántí wa àfi tí nǹkan yín bá sọnù." Obìnrin kan tó ń ta gàárì ní, "Láwàní mẹ́ta ló wà ní àdúgbò yìí nìkan. Ṣé èyí tó kúrú ni àbí èyí tó jẹ mí ní gbèsè ọ̀rọ̀?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo dúró láàárín wọn pẹ̀lú fọ́tò mi lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé wọ́n ń fi ìwọ̀n mi wọ̀n fún mi.

Ayàwòrán àgbà kan ló ṣàánú mi. Ó ní kí n lọ sí ẹ̀yìn ìsọ̀ alágbẹ̀dẹ, pé ibẹ̀ ni àwọn sójà àtijọ́ ti máa ń jókòó ta ayò. Mo bá mẹ́rin níbẹ̀. Ọ̀kan gba fọ́tò náà, ó sún un mọ́ ojú.

"Láwàní elétí kan nìyí. Ará Ìpè ni."

Mo ní, "Ìkàrẹ́ ni wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀."

Wọ́n wo ara wọn. Ẹni tó di fọ́tò mú ní, "Bàbá, orúkọ sójà nìyẹn. Lọ́jọ́ tí wọ́n kó wa, akọ̀wé kan jókòó nídìí tábìlì. Kì í ṣe ará ilẹ̀ yìí. O bá pe orúkọ rẹ, á kọ ọ́. O bá fẹ́ pe ti bàbá rẹ, kò lè kọ ọ́, kò sì fẹ́ dúró. Ìlú tó ti ń kó wa ló ń kọ tẹ̀ lé e. Ará Ìpè, ará Ògbàgì, ará Ọ̀bà, gbogbo wa ló sọ di Ìkàrẹ́. Ìkàrẹ́ ni mò ń jẹ́ nínú ìwé títí dòní, Ọ̀bà ni wọ́n sì bí mi sí."

Mo jókòó sílẹ̀ lórí iyanrìn. Ọkùnrin tó wá sóko wa kò ṣìnà. Kò sì pe ẹ̀gbọ́n mi ní orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀. Orúkọ tí wọ́n ń pè é nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun títí tó fi kú ló pè é.

Akọ̀wé ni ìwọ náà, Bánkọ́lé. Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ fún ọ lónìí nìyẹn. Bí ènìyàn bá dúró níwájú rẹ, tó ń pe orúkọ tó ṣòro í kọ, dúró dè é. Jẹ́ kó pè é tán. Bí o kò bá gbọ́, ní kó tún un pè, má sì fi ohun tó rọrùn fún gègé rẹ dípò bàbá rẹ̀. Orúkọ ìlú kan ṣoṣo ni akọ̀wé yẹn fi kánjú kọ gbogbo wọn. Òun kánjú níbẹ̀rẹ̀, èmi kánjú lópin, Àjàyí bọ́ sí àárín wa.

Ní Ìpè, mo bá Láwàní níwájú ilé rẹ̀, ó ń hun agbọ̀n. Ọkùnrin tó wà nínú fọ́tò ti tán lára rẹ̀, etí yẹn nìkan ló kù. Mo fún un ní fọ́tò náà láìsọ orúkọ mi.

"Ta ni òmùgọ̀ tó sanra yìí?" Ó fi ìka kan ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rí ẹnì kejì. Ó gbé agbọ̀n sílẹ̀. Ó gbójú sókè wò mí. "Ìwọ lo wà lórí ebè."

"Èmi ni, ẹ̀gbọ́n."

"Mo mọ̀ nígbà náà. Ìwọ àti òun jọ ara yín jù. Ojú rẹ ni mò ń wò nígbà tí mo béèrè lẹ́ẹ̀kejì. Mo ní bóyá wọ́n ti gbọ́ pé ó kú, bàbá rẹ̀ sì ní òun kò fẹ́ ẹ mọ́, nítorí pé ó lọ láìgbàṣẹ. Àjàyí fúnra rẹ̀ ti ń bẹ̀rù ìyẹn kó tó kú."

Kì í ṣe ìbọn ló pa Àjàyí. Ibà ni, nínú òjò, nínú ilé aláìsàn tí wọ́n fi aṣọ ṣe. Ó ní kí Láwàní mú òun dé abẹ́ àpáta. Láwàní gé irun rẹ̀ àti èékánná rẹ̀ sínú agolo tábà, ó fi ìda dí i. Ó gbé e sọdá òkun. Òun ló wà nínú àpò lọ́jọ́ náà. Òun ni ọwọ́ rẹ̀ dì mú nígbà tí mo ń bi í pé èwo ló dojú bolẹ̀ jù.

Mo bi í pé, "Kí lẹ ṣe sí i?"

"Kí ni mo lè ṣe? Ṣé kí n jù ú sódò ni? O ní kí n lọ sí Ìkàrẹ́. Mo lọ."

Ní Ìkàrẹ́ ó ń béèrè kiri. Wọ́n mú un lọ sí ilé kan tí Àjàyí tiwọn náà bá sójà lọ, tí wọn kò gbúròó rẹ̀. Bí ó ti sọ pé irun Àjàyí lòun mú wá, ẹkún gba ilé kan. Àwọn àgbà ìdílé kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. Ìyá ọmọ náà nìkan ló rí bá sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ilé. Ó ní, "Ìyá, kì í ṣe tiyín. Ọmọ Ọ̀kà ni. Mo gbé e dé ilé rẹ̀, wọn kò gbà á."

Láwàní ní obìnrin náà na ọwọ́ sí agolo náà. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ṣé nítorí pé wọn kò gbà á nílé ni yóò ṣe máa rìn kiri? Gbé e wá." Ó sì jẹ́ kí wọ́n sin ín gẹ́gẹ́ bí ọmọ òun. Kò sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀ nìkan ló sọ ọ́ fún nígbà tí ó fẹ́ kú.

Láwàní mú mi wá síbí, sí ilé yìí, ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Ọmọbìnrin ọjọ́ náà ti di ìyá. Ìyá Káyọ̀dé ni wọ́n ń pè é. Ó bu omi fún wa. Ó mú wa lọ sẹ́yìn ilé, sábẹ́ igi ọsàn. Ibẹ̀ mọ́, a lè tẹ́ oúnjẹ sí i. Ó ní, "Ìyá mi ní kí n máa gbá a. Ó ní aláìnílé ni." Ó tún sọ ohun tí n kò rò tẹ́lẹ̀. Ó ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin agolo yẹn ni ìdílé bàbá òun kò ti wá Àjàyí tiwọn mọ́. Ta ni yóò wá ẹni tí a ti sin? "Ẹ̀gbọ́n yín ló gba ibojì ẹ̀gbọ́n mi," ó wí, ohùn rẹ̀ kò sì ga. Lẹ́yìn náà ló bi mí pé, "Bàbá, ṣé ẹ mọ ẹni tó lé e lóko lọ́jọ́ náà?"

Mo ní, "N kò mọ̀ ọ́n."

Àgbàlagbà bí tèmi. Láwàní ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Nígbà tí a dé gáréèjì, ó ní, "Ìdòwú, mo ru agolo yẹn láti Bọ́mà. Èyí tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ dì yìí, n kò ní bá ọ rù ú."

Nítorí náà ni mo ṣe padà wá lónìí. Mo sọ fún ìyá onílé pé mo fẹ́ kọ lẹ́tà sí ọmọ mi, mo sì tọrọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Kò béèrè ìdí. Ó ti ń gbọ́ mi láti ìbẹ̀rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì ti kúrò lórí ẹ̀gúsí láti ìgbà tí mo dé ibi etí.

Tíṣà, máa kọ ọ́ lọ. Ìyá Káyọ̀dé, èmi ni. Èmi ni mo lé e. Mo rí etí ọ̀rẹ́ rẹ̀, n kò pè é. Mo tún sẹ́ níwájú yín. Ìyá yín gba ẹni tí mo kọ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu mi ló sì jẹ́ kí wọ́n dẹ́kun wíwá ọmọ rẹ̀. Bí mo ṣe kọ́kọ́ débí, ọkọ́ ló wà lọ́kàn mi. Mo ní n ó hú u, n ó gbé e lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá wa. N kò ní ẹnu tí n ó fi sọ ìyẹn mọ́. Ohun tí ẹ bá wí ni n ó gbà.

Bánkọ́lé, fọ́tò náà wà lórí itan Ìyá Káyọ̀dé báyìí. Kò rí ojú ẹni tí òun ń gbá ibojì rẹ̀ rí. Bó bá ní kí fọ́tò náà dúró síbí, ibí ni yóò máa wà. Fi nǹkan míràn kọ́ ògiri rẹ. Jẹun kí o tó lọ síbi iṣẹ́, má sì jẹ́ kí ọ̀gá rẹ dé ọ́fíìsì ṣáájú rẹ. Àṣegbé kan ò sí, àṣepamọ́ ló wà, èmi bàbá rẹ sì ti pa á mọ́ tó.

Ọ̀rọ̀ mi parí.

Èmi akọ̀wé ló ń sọ èyí. Nígbà tí Bàbá dákẹ́, ìyá onílé dìde, ó wọlé. Ó pẹ́ níbẹ̀. Bàbá Láwàní fẹ́ tẹ̀ lé e, ó tún jókòó. Nígbà tó jáde, fọ́tò wà lọ́wọ́ rẹ̀ síbẹ̀. Ó bi mí bóyá ìwé ṣì kù. Mo ní ó kù. Ó ní kí n kọ ohun tí òun bá sọ bó ṣe rí.

"Kọ ọ́ pé mo gbọ́. Má kọ pé mo dárí jì í, n kò tíì ṣe é. Mi ò sì mọ ọjọ́ tí n ó ṣe é. Kò sí ẹni tí yóò hú ibẹ̀ nígbà tí mo bá wà láyé, ìyá mi ló sin ín. Ṣùgbọ́n ọmọ bàbá yìí ń kọ orúkọ ní ọ́fíìsì ìjọba. Ní kó bá mi wá ẹ̀gbọ́n mi nínú ìwé. Bí wọ́n bá rí i pé ó kú, kí wọ́n sọ ibi tó wà fún mi. Nígbà náà ni kí ọmọ náà fúnra rẹ̀ wá, ká jọ mọ ohun tí a ó ṣe sí àwọn Àjàyí méjèèjì."

Mo bi í ní orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ní, "Àjàyí." Mo dúró. Ó rọra ń pe ìyókù lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wo ọwọ́ mi bóyá mò ń kọ ọ́: "Àjàyí, ọmọ Ọláoyè oníṣọ̀nà. Ìyá rẹ̀ ni Adébọ́lá. Àlàó ni oríkì rẹ̀. Ó gùn, ó sì máa ń fi ọwọ́ òsì jẹun, wọn kò lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣé o ti kọ ọwọ́ òsì?"

Mo ní mo ti kọ ọ́.

Àmì Ìdòwú Adéwùmí, ará Ọ̀kà: ó tẹ àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ síbí lẹ́yìn tí mo ka gbogbo rẹ̀ sí i létí.

Ẹlẹ́rìí kìíní: Láwàní, ará Ìpè, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀, ó sì fa igi lé Ìkàrẹ́ tó kọ́kọ́ kọ tẹ̀ lé e.

Ẹlẹ́rìí kejì: Modúpẹ́, Ìyá Káyọ̀dé, ará Ìkàrẹ́, ó tẹ àtàǹpàkò rẹ̀, ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ pé sí ìdí orúkọ ẹ̀gbọ́n òun lòun tẹ̀ ẹ́ sí.